Ṣòkòtò Tí Bàbá Kọ̀ Tí Kò Rán

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó ìdí máṣíìnì. Ṣé ẹ̀yìn tó máa ń dùn yín ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ìyàwó mi kí yín, àwọn ọmọ náà kí yín. Èyí ẹ̀gbọ́n ti ń kàwé, èyí àbúrò ń ya ìwé, nítorí náà kò sí èyí tó jókòó lásán nínú àwọn méjèèjì.

Ilé ìkẹ́rùsí tí mo wà náà ni mo ṣì wà. Àtẹ̀gùn ni mo ń gùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo ń gbé páálí sókè, mo ń sọ páálí kalẹ̀. Ṣòkòtò tí wọ́n fún wa níbi iṣẹ́ há mọ́ mi lára. Ọ̀gá wa ní ẹni tó bá fẹ́ lè rán tirẹ̀, bó bá sáà ti jẹ́ búlúù tó dúdú. Mo wá rò ó pé kí ni mo ń wá télọ̀ kiri fún nígbà tí mo jẹ́ ọmọ télọ̀.

Ẹ bá mi rán mẹ́ta. Ìwọ̀n mi nìyí: ìbàdí, íńṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n; gígùn, mẹ́rìnlélógójì; itan, ọgbọ̀n. Kí ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé jìn sílẹ̀ ní íńṣì mẹ́rin ju èyí tí ẹ rán kẹ́yìn lọ, kí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ níbí báyìí. Bọ́tìnì ni mo fẹ́, kì í ṣe síìpù.

Ọ̀rọ̀ wíwá sílé tí mo sọ, kò ní lè bọ́ sí i lọ́dún yìí náà. Ìyẹn di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo mọ̀, ẹ má bínú. Ọ̀rẹ́ mi awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà yẹn yóò yà sọ́dọ̀ yín wá gba ẹrù náà.

Ọmọ yín,
Agùntáṣọọ́lò


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Agùntáṣọọ́lò, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Èmi àti ìyá rẹ wà láàyè. Ẹ̀yìn mi ń dùn mí níwọ̀n tó yẹ kó dun ẹni tó ti tẹ máṣíìnì fún ọdún mọ́kànlélógójì. Bá mi kí ìyàwó rẹ. Má na èyí tó ń ya ìwé. Ìwọ náà ya ojú ewé méjì nínú ìwé ìwọ̀n mi nígbà tí o tó bíi tirẹ̀, mo sì ń lò ó bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Ìwé ìwọ̀n yẹn gan-an ni mo ṣí nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ. Ojú ewé tìrẹ wà níbẹ̀ láti ìgbà tí o ti ń lọ sílé ìwé. Ìbàdí rẹ jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n náà ni lónìí. Gígùn kò yí padà. Ibì kan ṣoṣo ló wú. Ọmọ mi, ẹni tó bá sanra, ikùn ló kọ́kọ́ ń yọ sí, kì í ṣe abẹ́. O lè parọ́ fún ọ̀gá rẹ, o lè parọ́ fún adájọ́, ṣùgbọ́n o kò lè fi íńṣì parọ́ fún télọ̀.

Ìpá yẹn ló padà wá. Má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọdún méjì sẹ́yìn ni o kọ̀wé pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ, pé omi tó wà nínú àpò ẹpọ̀n rẹ ti lọ. Mo yọ̀ lọ́jọ́ náà. Omi ti padà dé, o wá fẹ́ kí n bá ọ kọ́lé fún un.

N kò ní rán an. Mo ti ra aṣọ náà o, búlúù tó dúdú, aṣọ tó le dáadáa. Ó wà lórí tábìlì mi, mo fi áyọ́ọ̀nù lé e lórí kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Abẹ́rẹ́ mi kò ní kàn án títí dókítà yóò fi wò ọ́, tí o máa kọ ohun tó sọ ránṣẹ́ sí mi.

Mo sì rò pé mo ti mọ ohun tí kò jẹ́ kí o wálé. Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé láti ẹnu ọ̀nà ni ojú mi á ti wọ̀n ọ́. Òótọ́ ni, ó máa wọ̀n ọ́.

Ìyá rẹ ń ka lẹ́tà yìí léjìká mi. Ó ní kí n má le jù bẹ́ẹ̀. Mo ní ó dìgbà tí ara ọmọ rẹ̀ bá yá kí n tó rọ̀.

Bàbá rẹ,
Télọ̀


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ dárí jì mí pé èsì yìí pẹ́. Kì í ṣe pé àyè kò sí, inú ló ń bí mi. Mo kọ lẹ́tà kan, mo fà á ya. Mo kọ òmíràn, ìyàwó mi ló bá mi fa ìyẹn ya.

Ṣòkòtò lásán ni mo béèrè. Ẹ̀ ń rán aṣọ fún gbogbo ayé láì bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ, ó wá kan ọmọ yín, ẹ di adájọ́. Nígbà tí mi ò rí tiyín, mo lọ ra èyí tí wọ́n rán fún ẹni tí ikùn rẹ̀ tó àgbá. Mo fi bẹ́líìtì so ó mọ́ra, ó rọ̀ jọwọrọ lẹ́sẹ̀ mi. Lọ́jọ́ kẹta, mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo sì já bọ́. Kò ga, ìgbésẹ̀ kejì ni, orúnkún nìkan ló bó. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa wá dúró lé mi lórí, ó ní ṣé kò sí nǹkan kan tó yẹ kí n sọ fún òun. Mo ní kò sí.

Ó dáa, ẹ̀yin ni mo máa sọ fún. Ó padà wá. Oṣù mẹ́jọ péré lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yẹn ni mo kíyè sí i pé apá ọ̀tún tún ń wúwo. Ó ti tó ọsàn ńlá báyìí, àfàìmọ̀ kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dùn mí. Ó kàn wúwo ni, bí ẹrù tí èèyàn kò ríbi sọ̀ sí. Mo ní láti ronú kí n tó jókòó. Mo ti jáwọ́ nínú bọ́ọ̀lù. Níbi iṣẹ́, ìgbà tí gbogbo èèyàn bá ti wẹ̀ tán ni mo máa ń wọlé lọ wẹ̀.

Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gé mi mọ́. Ẹ̀yin kò sí níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀, egbò náà sì kẹ̀. Ìyàwó mi ló ń fà mí lọ sílé ìwẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyà yẹn, omi tún padà wá bí àlejò tó gbàgbé fìlà. Kí ni mo tún fẹ́ lọ gbà níbẹ̀? Ara kì í wúwo kí alára má lè gbé e. Èmi ni mo ni í, mo sì ń gbé e.

Ẹ bá mi rán ṣòkòtò, Bàbá. Màmá, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń kà á léjìká wọn. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ọmọ yín,
Agùntáṣọọ́lò


Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ìrora. Orúnkún rẹ ńkọ́? Bó bá ṣì ń dùn ọ́, fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tẹ̀ ẹ́.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ ti egbò tó kẹ̀, mo gbọ́ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì yé mi ju bí o ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n òwe tí o pa yẹn kò bá ọ mu. Ara kì í wúwo kí alára má lè gbé e, òótọ́ ni, àmọ́ alára tí à ń wí yìí ti ń já bọ́ lórí àtẹ̀gùn.

Mo ti rán ṣòkòtò kan, ó wà nínú ẹrù yìí. Má tíì dúpẹ́. Ìwọ̀n rẹ àtijọ́ ni mo fi rán an, èyí tó wà nínú ìwé mi kí àìsàn yìí tó bẹ̀rẹ̀. N kò fi ààbọ̀ íńṣì kún un. Kò ní gòkè lára rẹ lónìí, má sì fi tipátipá fà á, òwú gidi ni mo lò. Fi kọ́ síbi tí o ti máa rí i láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí bọ́tìnì rẹ̀ bá wọlé, kọ̀wé sí mi, màá rán méjì tó kù. Aṣọ wọn wà lórí tábìlì, áyọ́ọ̀nù wà lórí aṣọ.

Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀bẹ nìkan ni dókítà ní? Lọ béèrè. Abèèrè kì í ṣìnà.

Bàbá rẹ,
Télọ̀


(Ìwé pélébé, nínú àpò inú ṣòkòtò náà)

Ọmọ mi, bàbá rẹ lọ ra òwú, mo ní kí n yára kọ èyí kó tó dé.

Òun náà ní i. Ọdún méjìlélógún rèé. Wọ́n ti gé e lẹ́ẹ̀kan rí, nígbà tí o wà nílé ìwé, tí a sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé ó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Omi náà padà wá kí ọdún tó yí po. Láti ìgbà náà ló ti ń gé iwájú ṣòkòtò ara rẹ̀ jìn, tí kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ dókítà. Ó rò pé ẹ ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí íńṣì tìrẹ dé, ó jókòó ti máṣíìnì títí ilẹ̀ fi ṣú, kò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Òun ló jẹ́ kó le mọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀.

Má sọ pé èmi ni mo sọ. Ṣùgbọ́n lọ tọ́jú ara rẹ, kí o lè rí ẹnu bá a sọ̀rọ̀. Ẹnu tèmi ti bó.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá dáadáa, kí wọ́n mọ̀ pé mo kí àwọn lọ́tọ̀.

Ṣòkòtò dé. Ó dúró sí mi ní itan. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá ń sunkún gidi, ó ní èmi àti bàbá mi ló máa pa òun. Ó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ń wò ó láràárọ̀ bí ẹni ń wo gbèsè. Lọ́jọ́ kọkànlá, mo lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Mo fẹ́ sọ ohun gbogbo bó ṣe rí, láì fi ọ̀kan pamọ́, bóyá ó máa wúlò fún ẹlòmíràn. Dókítà ní kí n dùbúlẹ̀, ó pa iná yàrá, ó fi tọ́ọ̀ṣì kékeré sẹ́yìn ibi tó wú. Gbogbo rẹ̀ pọ́n, bí ìgbà tí èèyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo iná. Ó ní omi ni, ìmọ́lẹ̀ kì í gba inú ẹran kọjá bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ kò fi mọ síbẹ̀. Ó tún lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú oyún, ó ní tọ́ọ̀ṣì lè tanni jẹ, pé bó bá jẹ́ ìfun ló sọ̀ kalẹ̀, tàbí kókó burúkú kan wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ kàn án. Kò sí èyíkéyìí. Omi lásán ni.

Mo sọ fún un pé mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gé mi. Ó ní òun kò tíì mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ohun tó ṣàlàyé ni pé àpò kan ló yí kóró ẹpọ̀n ká, ibẹ̀ ni omi ń rọ́ sí. Bí wọ́n bá kàn fi abẹ́rẹ́ fa omi náà, á tún kún láàárín oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fà á tán, tí wọ́n wá fi oògùn kan sínú àpò tó ṣófo yẹn, oògùn náà á mú kí ògiri rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, omi kò sì ní rí àyè jókòó sí. Kò sí ọgbẹ́, kò sí òwú, ọjọ́ náà ni èèyàn ń rìn lọ sílé. Ó sọ òdì kejì rẹ̀ pẹ̀lú: kì í jẹ́ fún gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹlòmíràn á tún padà wá gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó bi mí bóyá mo ṣì ń wá ọmọ, nítorí ẹni tó ṣì ń wá ọmọ, wọ́n máa ń rò ó dáadáa kí wọ́n tó ṣe é fún un. Mo ní méjì yìí ti tó mi, ọ̀kan ń ya ìwé.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje ni wọ́n fún mi. Mo máa lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mo máa lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ráyè, ẹ bá mi béèrè ní ọsibítù tó wà lọ́dọ̀ yín bóyá wọ́n ń ṣe irú rẹ̀. Ẹnì kan ló ń bi mí.

Ọmọ yín,
Agùntáṣọọ́lò


Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Agùntáṣọọ́lò mi,

O ṣeun. Kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. O ṣe bí ọkùnrin, inú mi dùn dé àtàǹpàkò.

Mo fi téèpù kan sínú ẹrù yìí. Tèmi ni, èyí tí mo ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ kò tíì parẹ́. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, máa wọn ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àárọ̀ ni kí o máa wọ̀n ọ́, lórí ìdúró, kí o yí téèpù ká ibi tó tóbi jù, má sì fún un pọ̀. Má wọ̀n ọ́ lójoojúmọ́, ojú kánjúkánjú kì í rí ìyàtọ̀. Kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí o fi ránṣẹ́.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó máa ń wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, àgbàlagbà bíi tèmi. Ó ní kí n bi ọ́ ní àwọn nǹkan wọ̀nyí. Abẹ́rẹ́ náà, báwo ló ṣe tóbi tó? Ṣé wọ́n máa ń mú kí ibẹ̀ kú tipiri kí wọ́n tó gún un? Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ṣé wọn ò ní lé e? Bí wọ́n bá ti gé e rí, tó sì ti lé lógún ọdún, ṣé àpò náà ṣì lè lẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi yìí ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ara rẹ̀, ó ní ó pọ́n. Mo sọ fún un pé o ní tọ́ọ̀ṣì nìkan kò tó. Ó ní òun gbọ́.

Má gbàgbé láti dá a lóhùn, ó ń yọ mí lẹ́nu.

Bàbá rẹ,
Télọ̀


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Ẹ kú àárò mi. Mo dúró kí n lè ní nọ́ńbà tó pọ̀ díẹ̀ kí n tó kọ̀wé.

Wọ́n ṣe é. Abẹ́rẹ́ kékeré kan ni wọ́n fi kọ́kọ́ mú kí ibẹ̀ kú tipiri, ìyẹn ló ta mí jù. Lẹ́yìn náà mi ò mọ̀ ju pé ẹnì kan ń tẹ̀ mí. Omi tó jáde kún ife ńlá kan àti ààbọ̀, ó ní àwọ̀ bíi tíì tí wọn kò jẹ́ kó pọ́n. Wọ́n ti oògùn wọlé, wọ́n ní kí n yí sọ́tùn-ún, kí n yí sósì, kí oògùn lè kan gbogbo ògiri. Kò tó wákàtí kan. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Kí wọ́n tó ṣe é, íńṣì mẹ́rìnlá. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mẹ́sàn-án. Mo fẹ́ jó. Ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, ó gbóná, ó le. Ní ọjọ́ kẹwàá, téèpù yín sọ pé méjìlá àbọ̀. Bàbá, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo kọ lẹ́tà kan sí yín tí n kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà láéláé. Ìyàwó mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ sọ ọ́ fún dókítà dípò bàbá mi. Dókítà ní ara ló ń bá oògùn jà, pé gbogbo rẹ̀ á lọ bí mo bá ní sùúrù, pé ibà nìkan ni kí n tètè wá sọ. Kò sí ibà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mọ́kànlá. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mẹ́wàá. Àná, mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Ṣòkòtò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ti gòkè dé ìbàdí. Bọ́tìnì ló kù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín. Abẹ́rẹ́ náà kò tóbi tó bó ṣe ń rò ó. Wọn kì í torí ọjọ́ orí lé èèyàn. Bí wọ́n bá ti gé e rí, ẹ̀rọ yẹn ni yóò sọ bóyá àyè wà. Mo ti dá a lóhùn.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n béèrè tèmi náà. Ọ̀rẹ́ yín yẹn, ṣé ìdí máṣíìnì yín kọ́ ló ń jókòó sí? Tótó ó ṣe bí òwe, ẹni tí yóò dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹ kọ̀ láti rán ṣòkòtò fún mi títí dókítà fi wò mí, ó dùn mí nígbà náà, mo sì dúpẹ́ báyìí. Ohun tí ẹ fi ṣe mí náà ni mo fẹ́ fi ṣe yín. Ọ̀gá ti fún mi láyè láti wálé ní oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ. Mo ti sọ fún un pé kó dúró ná. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ̀wé pé dókítà ti wo ọ̀rẹ́ yín ni mo máa sọ pé mò ń lọ.

Ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé ta ló sọ fún mi. Ọmọ télọ̀ ni mí.

Agùntáṣọọ́lò


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Mo kí yín. Oṣù méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, mi ò rí èsì. Awakọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wà ní títì nígbà tóun yà, pé Màmá ló gba lẹ́tà lọ́wọ́ òun láì rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ kọjá àyè mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ohun tí mo sọ kò tíì yí padà, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀.

Bọ́tìnì wọlé lọ́jọ́ Àìkú. Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, mo gun àtẹ̀gùn dé òkè pátápátá. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Kò dùn mọ́ mi tó bó ṣe yẹ, nítorí mi ò mọ bí ẹ ṣe wà.

Agùntáṣọọ́lò


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi,

Bàbá rẹ wà láàyè. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń kà á léjìká mi.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Màmá kọ̀wé. Mo kà á ní ìgbà méje, bẹ́ẹ̀ ìlà kan àbọ̀ ni.

Ọ̀gá wa béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì bóyá mò ń lọ ní oṣù kẹta. Mo ní kó ní sùúrù fún mi di ìparí oṣù kìíní. Bí èsì kò bá dé nígbà náà, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè náà. Ìyàwó mi ní agídí yìí ti pọ̀ jù, pé kí n ṣáà máa bọ̀ wálé. Mo ní bàbá mi ló kọ́ mi. Mi ò fẹ́ wálé wá bá yín nínú ṣòkòtò tó jìn, kí àwa méjèèjì jókòó sí pálọ̀, kí a máa ṣe bí ẹni tí kò rí ara wa. Mo ti ṣe irú ìyẹn fún ọdún méjì, ó ti tó.

Mò ń retí yín.

Agùntáṣọọ́lò


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kìíní

Agùntáṣọọ́lò, ọmọ mi, akọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ tó fara da àwa olórí kunkun méjì. Mo kí àwọn ọmọ.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ ti oṣù kẹjọ dé, ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé òun ni. Lọ́jọ́ kẹrin mo bi í pé ta tún ló sọ fún. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò nílò láti sọ fún ẹnikẹ́ni, pé gbogbo àdúgbò ló mọ̀, ọ̀wọ̀ ló dí wọn lẹ́nu. Ọdún méjìlélógún tí mo ti ń gé iwájú ṣòkòtò mi jìn, mo rò pé ọgbọ́n ọwọ́ mi ló ń bò mí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju tìrẹ lọ. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sí ọsibítù.

Dókítà tó wà níbẹ̀, obìnrin ni, kò ju ọjọ́ orí àbúrò rẹ lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ṣé kò sí ọkùnrin. Ó ní ó wà, ó lọ ìsinmi, oṣù tó ń bọ̀ ló máa dé, ṣé kí òun kọ orúkọ mi sílẹ̀ dè é. Mo mọ ara mi. Bí mo bá kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò ní padà wá. Mo wọlé, mo jókòó. Ojú tì mí fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, nígbà tó yá, ó rẹ ojú náà, ó fi mí sílẹ̀.

Ẹ̀rọ rẹ̀ ní omi lásán ni. Wọ́n ń ṣe irú èyí tí wọ́n ṣe fún ọ. Ìgò omi méjì ó lé díẹ̀ ni wọ́n fà lára mi, mo sì rí i lójú mi. Mo bi í bóyá kí n máa gbé e lọ sílé, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi ni mo ti ń gbé e láti ọjọ́ yìí. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ná.

N kò kọ̀wé nígbà náà, nítorí n kò fẹ́ fi lẹ́tà tí kò ní nọ́ńbà ránṣẹ́. Nọ́ńbà náà ló wá kọ̀ mí. Ó wú bí tìrẹ ṣe wú, ó rọlẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dúró. Nígbà tí oṣù kan àbọ̀ pé, ìdajì omi náà ti padà. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ó tán, pé wọ́n ti fi ọ̀bẹ tàn mí nígbà kan, wọ́n tún ti fi abẹ́rẹ́ tàn mí. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí n lọ gé ṣòkòtò tuntun fún ara mi, kí iwájú rẹ̀ jìn bí ti tẹ́lẹ̀. Mo na ọwọ́ kí n gbé áyọ́ọ̀nù. Aṣọ búlúù rẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fa ọwọ́ padà. Èmi ni mo kọ̀ láti rán an fún ẹni tó ń sá fún dókítà. Kí ni mo wá fẹ́ fi ṣe ojú ara mi? N kò gé aṣọ kankan lọ́jọ́ náà. Mo padà sí ọsibítù, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Dókítà ní àpò tó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń nípọn, ó lè ṣorí kunkun bí ẹni tó ni í.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá báyìí. N kò fi ara mi wé ọmọdé, kò lọ tán pátápátá, dókítà sì ní kí n wá fi hàn lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù kẹrin. Ṣùgbọ́n mo ń jókòó láì ronú.

Nǹkan kan ló yà mí lẹ́nu. Mo ṣí ìwé ìwọ̀n mi kí n kọ nọ́ńbà mi sí i, n kò rí ojú ewé tèmi. Ọdún mọ́kànlélógójì, gbogbo èèyàn tó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá wà níbẹ̀, èmi nìkan ni kò sí. Ojú ni mo fi ń gé tèmi, ojú tó ń tì mí. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Mo fún ìyá rẹ ní téèpù tuntun, mo gbé apá sókè, ó wọ̀n mí láti òkè dé ilẹ̀, ó sì ń pe nọ́ńbà sókè ketekete bí ẹni ń ta ọjà. Mo ti ní ojú ewé. Ó kọjú sí tìrẹ.

Ṣòkòtò rẹ méjèèjì wà nínú ẹrù yìí. Mo tú ṣòkòtò tèmi mẹ́fà, mo gé iwájú wọn wá sí ìwọ̀n. Aṣọ tí mo yọ kúrò lára wọn pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Aṣọ tó dára ni, n kò lè sọ ọ́ nù. Mo tò wọ́n pọ̀, mo fi rán ṣòkòtò kékeré kan fún èyí tó ń ya ìwé. N kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, mo kàn gbìyànjú ni. Jẹ́ kó wọ̀ ọ́ wálé ní oṣù kẹta, kí n lè wọ̀n ọ́ dáadáa.

Bàbá rẹ,
Télọ̀